Àyálégbé Inú Akàn: Wíwá Oògùn Jẹjẹrẹ Lára Bakitéríà Ẹran Omi

Kò sí ẹran omi tó ń dá gbé. Akàn tí àwọn ẹlẹ́ja ń so lẹ́sẹ̀ tà ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, edé tí ọkọ̀ ń kó gúnlẹ̀ sí Bàyékù, ìsáwùrú tí wọ́n ń ṣà nínú ẹrẹ̀ etí ọ̀sà ní ìhà Ìkòròdú, gbogbo wọn ló ru èrò. Inú ìfun wọn, ibi tí wọ́n fi ń mí, abẹ́ ìkarahun wọn, bakitéríà ló kún ibẹ̀. Bakitéríà kéré débi pé a lè to ẹgbẹ̀rún kan nínú wọn sórí ìlà kan tí kò gùn ju mílímítà kan lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kàn ń kọjá lọ ni: wọ́n bá omi wọlé, wọ́n á sì bá ìgbẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti di àyálégbé. Wọn kì í kúrò, ẹran náà ló ń bọ́ wọn, àwọn náà sì ń san owó ilé. Owó ilé tí àwọn mìíràn nínú wọn ń san ni oró, èròjà tí kì í jẹ́ kí ẹja ńlá lè gbé onílé wọn mì. Lára irú oró bẹ́ẹ̀ ni ayé ti rí díẹ̀ nínú àwọn oògùn jẹjẹrẹ tí wọ́n ń lò ní ilé ìwòsàn lónìí.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí ní ẹsẹẹsẹ, nítorí pé ìdajì rẹ̀ ló sábà máa ń dé etí àwọn ará wa. Ènìyàn á gbọ́ pé oògùn jẹjẹrẹ wà lára ẹran inú omi, kò ní dúró gbọ́ ìyókù. Láti ibẹ̀, kò jìnnà mọ́ sí kí ẹnì kan máa gún ìkarahun akàn sínú ìgò fún aláìsàn. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀mí. Ìṣirò àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìwádìí lórí jẹjẹrẹ fún ọdún 2022 sọ pé àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní Nàìjíríà lọ́dún yẹn lé ní 127,000, àwọn tó sì pa lé ní 79,000. Ẹni tí kókó bá yọ lọ́mú rẹ̀, tó wá fi oṣù bíi mélòó kan lá àgúnmu akàn kí ó tó lọ rí dókítà, àrùn náà ló fi àwọn oṣù yẹn ta lọ́rẹ.

Kì í ṣe ara akàn ni oògùn wà. Bí oògùn bá wà níbẹ̀ rárá, iṣẹ́ ọwọ́ àyálégbé ni. A ní láti yọ àyálégbé náà sọ́tọ̀, ká bọ́ ọ, ká gba èròjà lọ́wọ́ rẹ̀, ká yọ ìdọ̀tí kúrò lára èròjà náà, ká sì dán an wò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó lè pè é ní oògùn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹran àti èrò inú rẹ̀ yìí ló máa pinnu bóyá ọ̀sà wa lè wúlò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé a kó ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ tán.

Ọ̀nà jíjìn ni ẹ̀kọ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, onímọ̀ kẹ́místírì kan, Werner Bergmann, rí àwọn èròjà àjèjì kan lára kànrìnkànrìn òkun kan ní ìhà Florida. Àpẹẹrẹ wọn ni àwọn mìíràn wò tí wọ́n fi ṣe cytarabine, tí Amẹ́ríkà fún láṣẹ ní 1969 fún jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń wẹ̀ lọ sísàlẹ̀ òkun.

Èyí tó yẹ ká dúró lé lórí ni ìtàn ẹran kan tó ń jẹ́ Ecteinascidia turbinata. Òkun Karibíánì ló ń gbé. Kò ní egungun, kò ní ìkarahun, kò sì lè sá fún ohunkóhun. Ó máa ń lẹ̀ ní ìṣù-ìṣù mọ́ gbòǹgbò igi ẹ̀gbà, irú igi tí àwa náà mọ̀ létí omi wa. Ní 1969, àwọn olùwádìí Amẹ́ríkà rí i pé omi tí wọ́n fà jáde lára ẹran yìí ń dá jẹjẹrẹ dúró. Ọdún mọ́kànlélógún kọjá kí wọ́n tó lè kéde bí èròjà náà ṣe rí gan-an, ní 1990, nítorí pé èyí tó wà lára ẹran náà kò tó nǹkan. Tọ́ọ̀nù kan ẹran ni wọ́n máa lọ̀ kí wọ́n tó rí nǹkan bíi gíráàmù kan, èyí tí kò kún ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì. Ilé iṣẹ́ PharmaMar ti Sípéènì tilẹ̀ sin ẹran náà nínú òkun bí a ṣe ń sin ẹja, síbẹ̀ kò ká a. Ohun tó yọ wọ́n ni bakitéríà mìíràn, Pseudomonas fluorescens, tó ń ṣe èròjà kan tó fẹ́ jọ ti ẹran òkun náà. Wọ́n ń bọ́ bakitéríà yìí nínú àgbá ńlá, wọ́n ń gba èròjà rẹ̀, wọ́n wá ń fi ọgbọ́n kẹ́místírì ṣe ìyókù. Báyìí ni trabectedin ṣe di oògùn. Yúróòpù fún un láṣẹ ní 2007 fún jẹjẹrẹ tó ń mú iṣan, ọ̀rá àti irú ẹran ara bẹ́ẹ̀; Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní 2015.

Ẹ wo ohun tó pamọ́ sínú ìtàn náà. Kí ló dé tí bakitéríà kan lásán fi ń ṣe ohun tó fẹ́ jọ iṣẹ́ ẹran òkun? Ó jẹ́ pé iṣẹ́ bakitéríà ni ti ẹran òkun náà. Ní 2011, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Michigan ka DNA gbogbo ohun tó wà nínú ẹran náà papọ̀, ti onílé àti ti àlejò. Wọ́n rí i pé àṣẹ ìkọ̀kọ̀ tí a fi ń ṣe èròjà náà kò sí nínú DNA ẹran. Inú DNA bakitéríà kan tó ń gbé inú rẹ̀ ni wọ́n ti bá a, Candidatus Endoecteinascidia frumentensis. Bakitéríà yìí ti bá onílé rẹ̀ gbé pẹ́ débi pé kò gbà láti dàgbà nínú abọ́ lábù. Ìṣòro ńlá ni èyí nínú iṣẹ́ náà, a ó sì padà sí i.

Bugula neritina ló tún wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ẹni tó bá ti yẹ ìdí ọkọ̀ tó pẹ́ nínú òkun wò lè ti rí i kó má mọ̀. Ó jọ ewéko tó pọ́n, ṣùgbọ́n ẹran ni, àwọn ẹran kéékèèké tí wọ́n so mọ́ra wọn. George Pettit, onímọ̀ kẹ́místírì ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ní 1982, ó kéde bí èròjà inú rẹ̀ ṣe rí, bryostatin. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ èyí tó máa tó dán wò lára ènìyàn, tọ́ọ̀nù mẹ́rìnlá ni wọ́n kó jáde nínú òkun, gíráàmù méjìdínlógún ni wọ́n rí. Àwọn olùwádìí mìíràn wá rí bakitéríà kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Candidatus Endobugula sertula ní 1997. Wọ́n fi ẹran náà sínú oògùn apakòkòrò: bakitéríà dín kù, bryostatin náà dín kù. Àwọn ọmọ rẹ̀ rọ̀, wọn kò ní ohun ìjà kankan, síbẹ̀ bí ẹja bá gbé wọn sẹ́nu, yóò pọ̀ wọ́n síta. Ìyá ti fi àyálégbé sára ọmọ kí ọmọ tó kúrò nílé. Bryostatin fúnra rẹ̀ kò di oògùn jẹjẹrẹ, nítorí agbára tó fi hàn lára àwọn aláìsàn kò tó, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́ wa nípa ìbágbé ẹran àti bakitéríà tóbi.

Ẹ̀kẹta kúrú. Ìgbín òkun kan wà tí ìkarahun rẹ̀ kò hàn síta, Dolabella auricularia. Pettit yìí kan náà ló kéde èròjà dolastatin 10 lára rẹ̀ ní 1987. Ní 2001 ni wọ́n rí èròjà yìí lára irú bakitéríà aláwọ̀ ewé tí ìgbín náà máa ń jẹ. Oúnjẹ ni bakitéríà yìí jẹ́ fún un, kì í ṣe àyálégbé, ìgbín kàn ń kó oró tó jẹ pamọ́ sára ni. Dolastatin le ju ohun tí ara ènìyàn lè gbà lọ, wọ́n kò sì rí i lò bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá ṣe ìbátan rẹ̀, wọ́n so ó mọ́ èròjà mìíràn tó ń wá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kan pàtó rí, kí oró má baà tú jáde kó tó débẹ̀. Brentuximab vedotin ni wọ́n pè é, Amẹ́ríkà sì fún un láṣẹ ní 2011 fún jẹjẹrẹ Hodgkin.

Kí ló kan jẹjẹrẹ nínú oró tí ẹran omi fi ń lé ẹja? Sẹ́ẹ̀lì ni gbogbo ara, ti ẹja, ti akàn, ti ènìyàn. Ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà pín ara rẹ̀ sí méjì jọra lára gbogbo wa. Oró tó bá lè dá ìpín yìí dúró lára ẹja tó fẹ́ jẹ ẹran náà lè dá a dúró lára wa. Jẹjẹrẹ sì jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó kọ̀ láti ṣíwọ́ pípín, tó ń pín níbi tí kò yẹ. Trabectedin ń lẹ̀ mọ́ DNA, ìbátan dolastatin ń tú àwọn okùn tí sẹ́ẹ̀lì fi ń fa ara rẹ̀ sí méjì. Ìdí kan náà ló fà á tí irun fi ń jábọ́, tí ẹ̀jẹ̀ sì fi ń dín kù lára àwọn tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ, nítorí sẹ́ẹ̀lì irun àti ti inú mùdùnmúdùn egungun náà ń pín kíákíá. Oògùn jẹjẹrẹ jẹ́ oró tí a ti mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹni tó bá ń fún aláìsàn ní ohun tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀, yálà ohun náà kò ṣe nǹkan kan, tàbí kó máa pa á lọ́nà mìíràn.

Ó wá kan ilé. Kì í ṣe irú omi kan náà ló wà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í ka èyí sí. Ẹnu ibùdókọ̀ ojú omi ní Èkó ni òkun ń gbà wọ inú ọ̀sà. Bí ènìyàn bá ṣe ń lọ sí ìhà ìlà-oòrùn ni iyọ̀ ń dín kù, nítorí odò Ọ̀ṣun ń da omi tútù, ìyẹn omi tí kò ní iyọ̀, sínú ọ̀sà Lẹ́kì lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́. Ní ìhà Ìkòròdú, odò Ògùn ń wọlé nítòsí, nítorí náà omi ibẹ̀ ń yí padà: nígbà ẹ̀ẹ̀rùn iyọ̀ á gòkè, nígbà òjò yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di omi tútù. Ẹran tó bá lè gbé irú ibẹ̀ ní ìfaradà, àwọn bakitéríà inú rẹ̀ pẹ̀lú. Akàn ọ̀sà wa, Callinectes amnicola, ń rìn láàárín omi oníyọ̀ àti omi tútù. Ìsáwùrú, Tympanotonus fuscatus, ń jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń jẹ nínú ẹrẹ̀ náà, omi ìbá kún ìbá gbẹ.

Àwọn ẹran tó mú oògùn wá nínú ìtàn òkè yẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò lè rìn. Ẹran tó lè sá kò nílò oró tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo máa yàn, mi ò ní fi akàn ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló gbajúmọ̀ jù. Ohun tó lẹ̀ mọ́ òpó èbúté, mọ́ ìdí ọkọ̀ àti mọ́ gbòǹgbò ẹ̀gbà ní ìhà Ìkòròdú ni mo máa kọ́kọ́ wò, pàápàá lópin ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí iyọ̀ pọ̀, kí n tó kan ìsáwùrú. Ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí iyọ̀ kò ti pọ̀ nínú omi, edé àti ọ̀bọ̀kún ni màá wò, màá sì mọ̀ pé ẹran omi tútù ni wọ́n, pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n ní ẹran òkun nínú ìwé ìwádìí. Ibi méjèèjì yìí wúlò fún ara wọn: ọ̀sà kan náà, ẹran tó jọra, iyọ̀ tó yàtọ̀. Ẹni tó bá ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì LASUSTECH ní Ìkòròdú tàbí ní ọgbà yunifásítì LASUED ní Ẹ̀pẹ́ lè rí ìbéèrè ìwádìí ńlá nínú èyí láìkúrò ní agbègbè rẹ̀.

Iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ yìí, bí kò tilẹ̀ jẹ́ lára ẹran. Ní 2019, Olabisi Davies-Bolorunduro, Isaac Adeleye, Moshood Akinleye àti Peng George Wang gbé ìwádìí jáde nínú Journal of Pharmaceutical Analysis lórí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀sà Èkó. Wọ́n ya irú bakitéríà kan tí wọ́n ń pè ní actinomycetes sọ́tọ̀ láti inú ẹrẹ̀ náà, wọ́n gba èròjà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì dán an wò lára sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Ìdílé actinomycetes yìí ti ṣe wá lóore rí. Nínú wọn ni onímọ̀ kan, Selman Waksman, ti rí èròjà actinomycin ní 1940. Nínú wọn náà, láti inú erùpẹ̀ Ítálì, ni doxorubicin ti wá, oògùn pupa tí ọ̀pọ̀ obìnrin tó ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú nílẹ̀ yìí mọ̀ dáadáa. Ẹrẹ̀ tí àwọn onímọ̀ wa yẹ̀ wò yẹn, irú rẹ̀ ni ìsáwùrú ń jẹ. Ohun tó ń gba inú ìfun ìsáwùrú kọjá àti ohun tó ń dúró sínú rẹ̀ ni iṣẹ́ tó kàn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ìwọ̀nba ẹran ni a ó mú, kì í ṣe agbọ̀n kan. A ó fi omi tí kòkòrò kankan kò sí nínú rẹ̀ ṣan ara wọn, kí àwọn èrò ọ̀nà lè lọ kó ku àwọn tó ń gbé ibẹ̀. A ó gé ìfun tàbí ibi tí ẹran fi ń mí, a ó lọ̀ ọ́, a ó fi omi là á léraléra kó lè fúyẹ́, a ó sì tẹ́ díẹ̀díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí ágà, oúnjẹ bakitéríà tó máa ń dì, tí a fi sítáṣì díẹ̀ àti omi ọ̀sà tí a ti sẹ́ pò. Ibi tí a ti mú ẹran ló ń sọ iye iyọ̀ tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ágà tí a fi omi òkun pò kò ní bá èrò inú edé Ẹ̀pẹ́ lára mu. Lẹ́yìn náà, sùúrù ló kù. Àwọn tó máa ń yára hù ní ọjọ́ kejì ni wọ́n sábà máa ń jẹ́ aláìníláárí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Actinomycetes lè gba ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á sì yọ gbígbẹ, bí ẹni da ẹfun sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti da wọn nù nítorí ìkánjú.

Abọ́ tí a rò pé òfìfo ni kì í ṣe òfìfo. Èyí ni ìṣòro tí mo ní a ó padà sí: èyí tó pọ̀ jù nínú bakitéríà inú ẹran kò gbà láti hù lábù, Endoecteinascidia sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nítorí náà ó yẹ kí wọ́n pa díẹ̀ nínú ẹran tí wọ́n lọ̀ mọ́ sínú yìnyín fún kíka DNA. Owó kíka DNA ti dín kù gan-an láàárín ogún ọdún tó kọjá, ohun tí a kò lè bọ́ lónìí, a lè ka ìwé inú rẹ̀.

Èyí tó bá hù, a ó yà á sọ́tọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, a ó fi DNA mọ ìdílé rẹ̀, a ó bọ́ ọ nínú omi oúnjẹ, a ó sì fa èròjà tó dà sínú omi náà jáde. Ìgbà yìí ni a tó kan sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Nínú àwo pẹrẹsẹ tó ní ihò kéékèèké 96 ni wọ́n ń tọ́jú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sí. Wọ́n á kán èròjà sí i ní ìwọ̀n oríṣiríṣi, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mẹ́ta, wọ́n á wá da èròjà kan tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú sí i. Sẹ́ẹ̀lì tó bá wà láàyè á sọ ọ́ di elésè àlùkò. Èyí tó ti kú kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ẹ̀rọ á ka bí àwọ̀ náà ṣe jinlẹ̀ tó, ìyẹn á sì sọ iye sẹ́ẹ̀lì tó kù.

Ibi yìí gan-an ni ìròyìn ti máa ń ṣì. Wọ́n á ní àwọn onímọ̀ ti rí oògùn jẹjẹrẹ. Wọn kò tíì rí i. Ọtí líle pàápàá ń pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo. Ó kù kí a dán èròjà náà wò lára sẹ́ẹ̀lì tí kò ní àrùn, ká mọ̀ bóyá ó ń ṣa jẹjẹrẹ yàn tàbí ó ń pa gbogbo ohun tó bá rí. Ó kù kí a mọ bí èròjà náà ṣe rí, bóyá ohun tí ayé ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni eku, lẹ́yìn eku ni ènìyàn díẹ̀, lẹ́yìn ènìyàn díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ti trabectedin, láti 1969 dé 2007 jẹ́ ọdún méjìdínlógójì.

Ohun kan wà tí omi tiwa fi yàtọ̀ sí òkun Karibíánì, mo sì kà á sí pàtàkì. Ọ̀sà Èkó gba ìdọ̀tí púpọ̀: epo mọ́tò, omi ilé iṣẹ́, eérú àti ìyẹ̀fun igi láti Òkòbàbá fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba ìpínlẹ̀ tó kọ́ ibùdó tuntun fún àwọn onígi sí Àgbòwà, tó wà láàárín Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ gan-an. Bí ènìyàn bá lọ̀ ìsáwùrú, tó da omi rẹ̀ sórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, tí sẹ́ẹ̀lì sì kú, kí ló pa á? Ó lè jẹ́ òjé, ó lè jẹ́ epo. Ẹran ọ̀sà ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ sára. Bakitéríà tí a ti yọ kúrò, tí a bọ́ nínú omi oúnjẹ mímọ́ láti ìran dé ìran, ti fi ìdọ̀tí ọ̀sà sílẹ̀ sẹ́yìn. Èròjà tó bá ṣe níbẹ̀, tirẹ̀ ni. Ní omi bíi tiwa, títọ bakitéríà dípò ẹran ni ọ̀nà tó ṣeé gbọ́kàn lé.

Ó tún dá ẹran sí. Kíkó tọ́ọ̀nù mẹ́rìnlá ẹran, bí wọ́n ṣe kó Bugula, kò lè wáyé ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ ní ìhà Ìkòròdú kí ọjà ẹja má dàrú. Pẹ̀lú bakitéríà, ẹran tí kò kún igbá kan lè tó fún iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún, bí fírísà tó tutù dé ìwọ̀n 80 sísàlẹ̀ òdo bá wà láti tọ́jú wọn, tí iná tó ń gbé e sì wà tọ̀sán-tòru. Mo mẹ́nu ba iná nítorí pé òun ni iṣẹ́ yìí ń kú sí lọ́wọ́ nílẹ̀ wa ju àìmọ̀wé lọ. Ó yẹ kí bakitéríà kọ̀ọ̀kan wà ní ibi méjì, kí èkejì sì wà ní ibi tí wọ́n yàn fún irú rẹ̀, bíi NACGRAB ní Moor Plantation ní Ìbàdàn.

Ṣé kò léwu láti jẹ akàn, nígbà tí bakitéríà kún inú rẹ̀? Ẹ jẹ ẹ́, ẹ sè é jinná. Àwọn kan nínú èrò inú akàn àti edé, irú bíi Vibrio, lè fa ìgbẹ́ gbuuru, iná ló sì ń pa wọ́n. Kò sí oògùn jẹjẹrẹ nínú ọbẹ̀ akàn, oúnjẹ gidi ni, ó tó bẹ́ẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ohun abẹ̀mí tí a bá gbé lọ sí lábù. Ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí wọ́n ń lò jù láyé fún irú ìdánwò tí mo sọ lókè yìí ń jẹ́ HeLa. Ara obìnrin adúláwọ̀ kan, Henrietta Lacks, ni wọ́n ti gé e ní Baltimore ní 1951, ọdún náà ló kú, kò sì sí ẹni tó tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di 2023 kí ìdílé rẹ̀ tó bá ilé iṣẹ́ kan tó ń jèrè lórí sẹ́ẹ̀lì náà dé ìpinnu. Ní 1949, dókítà ará Philippines kan, Abelardo Aguilar, fi erùpẹ̀ ìlú Iloilo ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ Eli Lilly ní Amẹ́ríkà. Bakitéríà inú erùpẹ̀ náà ló mú erythromycin wá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1952. Ẹbí Aguilar sọ pé kò rí ìpín kankan gbà. Lẹ́yìn irú nǹkan báwọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí Àdéhùn Nagoya ní 2010, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2014: ẹni tó bá mú ohun abẹ̀mí láti ilẹ̀ ẹlòmíràn fún ìwádìí gbọ́dọ̀ gba àṣẹ ṣáájú, kó sì jọ sọ bí wọ́n ṣe máa pín èrè.

Apẹja tó bá mọ ibi tí ìsáwùrú ti ń pọ̀ lóṣù kejì ti fún olùwádìí ní ìmọ̀ tí kò sí nínú ìwé. Bàbá Ìlàjẹ tàbí Ẹ̀gún tó ń de ìgèrè láti kékeré mọ ẹran tí ẹja ńlá kì í jẹ, àmì tó dára jù sì nìyẹn fún ẹni tó ń wá oró. Ó yẹ kí orúkọ abúlé, ọjọ́ tí wọ́n mú ẹran, àti ẹni tó fi ibẹ̀ hàn wọ́n wà nínú àkọsílẹ̀ olùwádìí láti ọjọ́ kìíní, nítorí lẹ́yìn ogún ọdún kò sí ẹni tó máa rántí. Ó yẹ kí àdéhùn sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí bakitéríà náà bá kúrò ní Nàìjíríà, ẹni tó ni àṣẹ lórí rẹ̀ níbẹ̀, àti ohun tó máa padà wá sí etí omi tí wọ́n ti mú un, ì báà jẹ́ owó, ì báà jẹ́ ilé ìwòsàn, ì báà jẹ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ibẹ̀. Kí wọ́n kọ àdéhùn náà sílẹ̀ kí ìgèrè tó kan omi, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní èdè tí baálẹ̀ àti ìyálọ́jà lè kà fúnra wọn.